Kíláàsì Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo dé Abuja, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ṣì ń kó bọ̀ láti Èkó díẹ̀díẹ̀. Garki kún fún ilé tí wọn kò tíì kùn lọ́dà, eruku pupa sì máa ń bà sínú ọbẹ̀ bí èèyàn bá gbàgbé láti dé e. Yunifásítì tí mo ń bá ṣiṣẹ́, tí olú ilé rẹ̀ jìnnà sí Abuja dáadáa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka kékeré kan síbẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní ní ìtàn kọ̀ǹpútà: bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, irú àwọn èèyàn tó ṣe é, àti bí ó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń sáré tẹ̀ lé. Ọkọ mi ní kí n má lọ. Mo lọ.

Ìtàn kọ̀ǹpútà wà, olùkọ́ wà, akẹ́kọ̀ọ́ náà wà. Kọ̀ǹpútà gan-an ni kò sí.

Alhaji tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka wa ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ má fòyà, Madam. Ẹ̀rọ yín ti wà lójú ọ̀nà." Tìdùnnú-tìdùnnú ló fi sọ ọ́. Oṣù gorí oṣù, ó ṣì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi mọ́ bó bá ń sọ ọ́.

Yàrá tí wọ́n fún wa, ibi tí àwọn kọ́lékọ́lé ń kó irinṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ni. Òórùn símẹ́ńtì kò kúrò nínú ògiri rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ṣe ọmọ tí bàbá rán wá láti ọ̀nà jíjìn. Abuja ni wọ́n ń gbé, ohun kan tàbí òmíràn ló sì dè wọ́n mọ́ ibẹ̀. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba, tó ní ọkọ àti ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tó ń bá bàbá rẹ̀ ta símẹ́ńtì, tó máa ń wọ kíláàsì pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun létí ṣòkòtò. Ọmọbìnrin kan sì wà, ọmọ ìlú mi ni, láti agbègbè Kábbà, tó ń gbé ní Mpape pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá rẹ̀, apá kan ara rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́. Ọmọ yìí ni àkọ́bí. Òun ló ń wẹ ìyá, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn àbúrò, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí Garki. Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀ka yìí wà nítòsí, kò sí yunifásítì kankan tí ọmọ yẹn lè lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kọ "kọ̀ǹpútà" sí ojú pátákó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ na ọwọ́ sókè.

"Mà, ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin ti rí i rí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ kíá láti gbọ́ èsì. Mo sọ fún wọn pé mo ti rí i. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, ẹ̀rọ kan wà tó kún inú yàrá, lẹ́yìn gíláàsì. Páálí tí a lu ihò sí ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀. A ó fi páálí wa sílẹ̀ lónìí, èsì yóò dé lọ́la, èsì náà kò sì sábà ju pé a ti ṣe àṣìṣe.

"Bíi ti ọ́fíìsì ìjọba," obìnrin atẹ̀wé sọ, kíláàsì sì tú ká fún ẹ̀rín.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé orí ẹ̀rọ, mo mú wọn padà sí orí kíkà. Mo ní ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu pe iye kan ní ẹ̀tàdínlógún ti ṣe ìṣirò kó tó sọ̀rọ̀, nítorí ó ti yọ ẹ̀ta kúrò nínú ogún. Mo sọ fún wọn nípa òkúta wẹ́wẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ará ìlà-oòrùn ayé ń tì síwá sẹ́yìn lórí ọ̀pá. Mo sọ nípa òfì àwọn ará Faransé, tí páálí oníhò ń pàṣẹ fún pé òwú báyìí ni kó gbé, òwú báyìí ni kó fi sílẹ̀. Mo sọ nípa ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan, tó sì kú láìparí rẹ̀, àti obìnrin tó jókòó tó kọ bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì sí.

Ọmọbìnrin Mpape gbé orí sókè. "Mà, ó kọ àṣẹ fún ohun tí kò sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwa náà nìyẹn."

Mo yíjú sí pátákó, mo ń nu ohun tí kò yẹ kí n nù.

Ó kù díẹ̀ kí sáà parí nígbà tí Alhaji ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn àgbà láti olú ilé ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀ka wa wò. Ẹ̀kọ́ tí ohun èlò rẹ̀ kò bá sí, wọn yóò pa á rẹ́.

"Alhaji, ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó fi aṣọ nù ún. "Kò sí lójú ọ̀nà kankan, Madam. Mo rò pé bí mo bá ń sọ ọ́, yóò dé."

Ojú ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Láti ọjọ́ yẹn, mo di alágbe. Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, mo wọ takisí, ó di ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Garki. N kò tọrọ ẹ̀bùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n yá wa ní kọ̀ǹpútà kan, kó lè wà lórí tábìlì wa ní ọjọ́ tí àwọn àgbà bá dé. Níbì kan, wọ́n ní kí n dúró, mo dúró títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi níta. Níbòmíràn, ọ̀gá kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò rí i rí wá máa fọwọ́ gún ẹ̀rọ ìjọba?" Mo ní, "Sà, nítorí pé wọn kò rí i rí gan-an ni mo ṣe wá." Ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà hàn mí. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà fún mi. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Bàbá ọmọbìnrin náà ló wá ràn wá lọ́wọ́. Dírẹ́bà ni ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta ní Mpape. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá bá mi ní kíláàsì, ó bọ́ fìlà, ó ń fi èdè ilé wa bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé ó ti mọ̀ mí tipẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà wọn. Òun ti bẹ ọ̀gá òun. Wọn kò lè jẹ́ kó jáde, ṣùgbọ́n bí mo bá lè kó àwọn ọmọ wá, wọn yóò jẹ́ kí wọ́n rí i, kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án.

"Ìyàwó mi kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀," ó ní. "Ọmọ yẹn máa ń sọ gbogbo ohun tí ẹ kọ́ wọn fún un bó bá ti ń wẹ̀ ẹ́."

Típà ilé iṣẹ́ náà ló wá gbé wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin atẹ̀wé so gèlè mọ́ imú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Wọ́n ń kọrin bíi ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́gádì dá wa dúró. Ó wo àwọn èèyàn tó kún ẹ̀yìn típà. "Kai!" ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọbìnrin náà kí i ní Hausa, "Sànnu," òun náà dáhùn, "Yauwa," ó ṣí géètì.

Inú yàrá tútù kan ni ẹ̀rọ náà wà, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan ṣí i. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rọ náà hùn, lẹ́tà aláwọ̀ ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú gíláàsì dúdú. Mo rí obìnrin atẹ̀wé tó ń fi ìka rẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀, bíi pé ìka náà ti ń ṣiṣẹ́ kó tó kàn án.

Wọ́n ti ọmọbìnrin Mpape síwájú, nítorí bàbá rẹ̀ ló mú wa wá. Ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó rọra ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó wo ohun tó kọ. Ó fẹ́ kúrò kí ẹlòmíràn lè bọ́ síbẹ̀. Iná lọ.

Gíláàsì náà dúdú. Ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa dákẹ́. Ẹnjiníà ní kí a má mikàn, jẹnẹrétọ̀ wà. Ó jáde lọ, ó padà wá, ó tún jáde. Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń mú un jí. A dúró. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa. Níta, ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta náà ti dákẹ́. Mo ń gbàdúrà nínú mi bí ọmọdé: Olúwa, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, kí wọ́n kan fọwọ́ kàn án. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ilé, ẹnjiníà náà da aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú tì í. Ó ní kí a máa bínú.

Lójú ọ̀nà, ẹnì kankan kò kọrin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló sọ̀rọ̀, láìwo ẹnikẹ́ni: "Ó kéré tán, a ti sìnkú kọ̀ǹpútà."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun ló gba àyè gbogbo èèyàn. Obìnrin atẹ̀wé fà á mọ́ra, ó ní, "Dákẹ́. Ṣé ìwọ lo ni iná ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ara mi kò gbé e láti kọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí mẹ́rin nínú wọn jáde wá sí gbangba, kí wọ́n tò. Mo ní ohun méjì péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀: iná tàn, iná kú. Ẹni tó bá na ọwọ́ sókè, iná rẹ̀ tàn. Ẹni tó bá ká a sílẹ̀, iná rẹ̀ kú. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ení, ẹnì kejì jẹ́ èjì, ẹnì kẹta jẹ́ ẹ̀rin, ẹnì kẹrin jẹ́ ẹ̀jọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àrún. Wọ́n wo ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ na ọwọ́, ẹnì kẹta na ọwọ́. Mo ní kí wọ́n fi ení kún un. Ẹni àkọ́kọ́ ká ọwọ́ sílẹ̀, ẹnì kejì na tirẹ̀. Ẹ̀fà! Àwọn tó kù pariwo. Láti ọjọ́ náà, a kò ṣe ohun mìíràn. Gbogbo kíláàsì di ẹ̀rọ kan ṣoṣo, wọ́n ń ròpọ̀, wọ́n ń yọ kúrò, nínú oòrùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn ń dúró wòran. Mo rò pé bóyá, bóyá, èyí lè gbà wá.

Àwọn àgbà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá ló ṣáájú wọn. Ó wọ yàrá wa, ó wo tábìlì, ó wo ògiri.

"Níbo ni ẹ̀rọ wà?"

Alhaji wúkọ́. Ọmọbìnrin Mpape ló dìde.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi hàn yín."

Wọ́n jáde, wọ́n tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bi wọ́n léèrè, wọ́n fi ọwọ́ dá a lóhùn. Ó fún wọn ní iye tó tóbi, wọ́n fi èèyàn kún ìlà. Ó bi obìnrin atẹ̀wé léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà kọ̀ǹpútà túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀ rí, obìnrin náà sì dáhùn pé èèyàn ni, òṣìṣẹ́ tó ń jókòó ṣírò láti àárọ̀ títí di alẹ́, pé obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn nígbà kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń mi orí. Mo rí i pé ojú rẹ̀ rọ̀.

Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Madam, ẹ ti ṣiṣẹ́. Láti ọdún tí mo ti ń rìn káàkiri, n kò rí irú èyí rí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó rán mi? Ṣé kí n ní ọwọ́ àwọn ọmọ ni kọ̀ǹpútà yín?"

Mo kúnlẹ̀. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Orúnkún mi ló ṣe é, lójú Alhaji, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

"Ẹ bá mi wá ojúure wọn, Sà. Ọdún kan péré. Àwọn kan wà nínú wọn tí kò ní ibòmíràn."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ má ṣe èyí sí mi."

Wọ́n lọ. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n ti pa ẹ̀kọ́ wa rẹ́.

Mo wọ mọ́tò lọ sí olú ilé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá bí opó tó ń wá ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀. Ohun tí mo rí gbà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè kó wá sí ọ̀dọ̀ wọn, wọn yóò gbà á wọlé láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Mo gbé ìròyìn náà bọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé gáréèjì, ó ń bú u, ó sì ń sunkún. Àwọn mélòó kan mìíràn náà lọ. Obìnrin atẹ̀wé ní, "Mà, ta ni n ó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ fún?" Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó padà sí ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀.

Mo gun òkè Mpape lọ bá ọmọbìnrin náà. Wọ́n ń gbé ní yàrá méjì tí eruku òkúta ti sọ òrùlé rẹ̀ di funfun. Bàbá ti lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lórí ẹní, nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tí atẹ́gùn ń gbà. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

Ọmọ náà kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. "Ẹ ṣeun, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń wò ó."

"Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì lè máa wá. Bàbá rẹ—"

"Bàbá mi máa ń wa ọkọ̀ lọ Kaduna, wọ́n máa ń sùn síbẹ̀. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi kò tíì lè gbé màámi."

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti orí ẹní. Ohùn náà wọ́, ọ̀rọ̀ ń kú sí i lẹ́nu. Ó tún un sọ. Mo tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ.

"Mú… un… lọ."

Mo wo ọmọ náà. Ó ti gbọ́. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo ẹ̀wà.

"Omi ni wọ́n ń béèrè," ó sọ fún mi, ó dìde, ó lọ sí ìdí ìkòkò.

Èmi àti ìyá rẹ̀ ń wo ara wa. Omijé ń jáde lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó ti kú, ọwọ́ rẹ̀ kò lè nù ún. Mo fi etí ìró mi nù ún fún un. N kò lè ṣe ìlérí kankan fún un.

Ọmọbìnrin náà gbé omi dé. Ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé apá, ó rọra ń fún un mu. Ìyá náà mu ún, ó pa ojú dé. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà padà sí ìdí ẹ̀wà rẹ̀.

"Mà," ó ní, "a kò parí ìtàn náà. A ti dé ibi ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń fi gílóòbù ṣiṣẹ́. Ẹ ní ẹ̀rọ náà kún ilé, ó ń gbóná, gílóòbù inú rẹ̀ ń jó lójoojúmọ́. Báwo ló ṣe wá kéré tó fi lè jókòó lórí tábìlì?"

Mo fa àpótí kan mọ́ra, mo jókòó. Mo sọ fún un bí àwọn kan ṣe rí i pé èérún ohun kan tó kéré ju hóró ẹ̀wà lọ lè ṣe iṣẹ́ gílóòbù, tí kò sì ní jó. Bí wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ jọ sórí ègé kan tó dà bí èékánná. Ó ń béèrè, mo ń dáhùn. Ìyá rẹ̀ la ojú, ó ń gbọ́ wa. Lórí òkè, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ òkúta, ilẹ̀ mì, àwọn adìyẹ fò ká. Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, Mà?" ó ní.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń gun òkè náà lẹ́yìn ìyẹn, títí wọ́n fi pè mí padà sí olú ilé. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀ fún un, àwa méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.